Kẹ́místìrì lọmọ yín ń kà, òkun ló wù ú: kò ṣìnà o

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá ní láàbù níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé, ọmọ mi wọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kẹ́místìrì ni wọ́n fún un, òun ní iṣẹ́ òkun lòun fẹ́ ṣe, ṣé kì í ṣe pé ó ti ṣìnà báyìí? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kò ṣìnà rárá. Iṣẹ́ yíyẹ omi àti ẹja wò lèmi náà ń ṣe, kẹ́místìrì ni mo kà. Nínú ikọ̀ tó bá ń ṣèwádìí àyíká òkun, ẹni tó ka ẹ̀kọ́ òkun gan-an ní yunifásítì lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, àwọn yòókù ti ẹnu iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ibi tí kálukú sì ti wá yẹn ló máa sọ irú ìbéèrè tó máa wá sí i lọ́kàn.

Ẹ wo Challenger, ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rìn yí ayé ká láti 1872 dé 1876 nítorí ìwádìí òkun nìkan. Charles Wyville Thomson tó jẹ́ olórí wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹranko àti ewéko ni ní Edinburgh. John Murray ti ka ìṣègùn díẹ̀ rí, kò gba dígírì rẹ̀, òun ló sì padà di ẹni tí gbogbo ayé ń bi ní ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n mú ayàwòrán dání pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni John Young Buchanan, kẹ́místì inú ọkọ̀ yẹn. Ṣé ẹ rí i, kí wọ́n tó gbéra, ọ̀gá onímọ̀ bàọ́lọ́jì kan, Thomas Huxley, ti yẹ ẹrẹ̀ kan wò lọ́dún 1868, ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì lọ́dún 1857 tí wọ́n sì ti rẹ sínú sípírítì kó má bàa bàjẹ́, ó rí nǹkan yíyọ̀ kan níbẹ̀, ó ní ẹ̀dá abẹ̀mí ni, ó sọ ọ́ ní Bathybius, àwọn ọ̀mọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá ibẹ̀ ni gbogbo ohun abẹ̀mí ti ṣẹ̀. Àwọn ará Challenger wá a títí, wọn ò rí i nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Buchanan ló yanjú ẹ̀. Sípírítì tí wọ́n dà lé omi òkun ló ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù sọ́féètì yọ kúrò nínú omi, òun ló ń yọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Huxley fúnra rẹ̀ gbà lọ́dún 1875 pé òun ṣì í. Tó bá jẹ́ pé onímọ̀ bàọ́lọ́jì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ta ni ì bá rò ó pé sípírítì ni kí òun kọ́kọ́ fura sí?

Ọ̀rọ̀ sípírítì yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wa dòní, torí ohun tí a fi tọ́jú omi lè yí èsì padà. Tó bá jẹ́ epo rọ̀bì la fẹ́ wá nínú omi, ìgò gíláàsì la máa ń lò, torí epo máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Tó bá jẹ́ irin bíi lẹ́ẹ̀dì, ike tí a ti fi ásíìdì fọ̀ ni, a ó tún kán ásíìdì nítríìkì díẹ̀ sínú omi náà kí irin má bàa lẹ̀ mọ́ ara ike. Ẹni tó lọ bu omi létí òkun tí kò mọ èyí ti ba èsì jẹ́ kí sáńpù tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè tún un ṣe.

Dókítà náà ńkọ́? Ní Minamata ní Jàpáànù, kì í ṣe onímọ̀ òkun ló kọ́kọ́ kígbe síta. Hajime Hosokawa ni, dókítà tó jẹ́ olórí ọsibítù ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, tó fi tó ìjọba létí lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1956 pé àìsàn kan tóun ò mọ̀ ń bá ọpọlọ àwọn èèyàn jà. Mẹ́kúrì ni wọ́n padà rí, inú ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ló ti wá, ó wọ inú ẹja, àwọn èèyàn jẹ ẹja. Fún ìdí yìí, tí wọ́n bá gbé ìwé ìwádìí síwájú yín pé ẹja ibì kan kò léwu, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ nípa ara èèyàn láàárín àwọn tó kọ ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ká wá bọ̀ sílé. Àyétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́. Ta lẹ máa rán lọ síbẹ̀? Ẹni tó ka físíìsì á wọn ìgbì. Ẹni tó ka jiọ́lọ́jì á béèrè ohun tí onífísíìsì ò ní béèrè, ìyẹn ni pé ṣé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò máa rì, yanrìn tó yẹ kó máa wá ńkọ́, kí ló dá a dúró? Sọ̀fíyọ̀ á fi máàpù àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Ẹni tó ka statistics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa kíkó iye jọ àti ṣíṣírò rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, torí òun ló máa sọ iye ibi tí ẹ máa ti bu omi àti ìgbà tẹ́ ẹ máa bù ú, àwọn èèyàn kì í pè é àfìgbà tí iṣẹ́ bá ti dàrú, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ tún nílò ẹni tó gbọ́ èdè Ìlàjẹ dáadáa, kì í fìgbà gbogbo yé àwa Ọ̀yọ́. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ oṣù tí omi máa ń le àti ibi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, lójú tèmi ó yẹ kí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìwádìí náà pẹ̀lú ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fún ọmọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, odò Ọ̀bà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bà ń dà sínú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì, ibẹ̀ lomi ti ń gba ọ̀sà Èkó bọ́ sí òkun, nítorí náà oògùn kòkòrò tá a fọ́n sóko níbí lè kan ẹja ọ̀hún. Ìgò kan náà, áìsì kan náà tí a fi ń mú kí sáńpù tutù ló máa lò. Iyọ̀ ló máa kọ́ lọ́tọ̀, torí omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílò kan, iyọ̀ yẹn sì máa ń da ẹ̀rọ tó ń wọn irin láàmú, ẹni tó mọ omi odò nìkan á rò pé irin pọ̀ níbi tí kò ti sí. Tí àkókò IT bá tó, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta yunifásítì, kó kọ lẹ́tà sí NIOMR ní Victoria Island l'Ékòó, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 fún ìwádìí òkun, kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà gbangba pé kẹ́místìrì lòun ń kà àti irú ẹ̀rọ tóun ti lò rí.