Ìdójútòfò tó ń wọn òjò, tí kì í wá wo oko

Ìbéèrè: Alágbàdo ni mí ní Ìkòyí-Ilé, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan wá bá ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní tí ọ̀dá bá dá, àwọn á sanwó láìwá wo oko ẹnikẹ́ni. Ṣé kì í ṣe jìbìtì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìdójútòfò. Ètò yẹn fúnra rẹ̀ wà lóòótọ́. Nínú ìdójútòfò tí a mọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ṣírò ohun tó bàjẹ́ kí owó tó jáde, ó sì lè pẹ́ títí àkókò ìgbìn mìíràn á fi dé. Èyí kì í ṣírò òfò rárá. Òdiwọ̀n lẹ jọ máa fọwọ́ sí ṣáájú: bí òjò kò bá tó mìlímítà báyìí láàárín ọjọ́ báyìí, owó báyìí á jáde. Sátẹ́láìtì tàbí ẹ̀rọ tó ń wọn òjò ló máa sọ bó ṣe rí.

Ìbéèrè: Ta ló ti gba owó náà rí?

Ìdáhùn: Àwọn ìjọba pàápàá ń rà á, kì í sì í ṣe nítorí òjò nìkan. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù kìíní ọdún 2010, CCRIF, àpò àjọni àwọn erékùṣù Karibéánì, san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là fún ìjọba ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó náà kéré gan-an sí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè dé. Nílẹ̀ Áfíríkà, African Risk Capacity, àjọ tó ń ṣe irú ìdójútòfò yìí fún àwọn ìjọba Áfíríkà, san nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 dọ́là fún Senegal, Niger àti Mauritania nítorí ọ̀dá ọdún 2014.

Ìbéèrè: Ṣé oko mi lè gbẹ kí wọ́n má sanwó?

Ìdáhùn: Ó lè ṣẹlẹ̀, ohun tó sì ń kọ mí lóminú jù nìyẹn. Ní Malawi, ọ̀dá mú kí ìjọba kéde pàjáwìrì lọ́dún 2016, síbẹ̀ ìṣirò African Risk Capacity ní owó kò tọ́ sí wọn. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé irú àgbàdo tí wọ́n fi ṣírò kọ́ ni àwọn àgbẹ̀ gbìn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè: irú àgbàdo wo lẹ fi ṣírò? Níbo lẹ ti ń wọn òjò? Òjò lè rọ̀ nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ kó má kan oko yín. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àpapọ̀ òjò ọdún lè pé, kó sì jẹ́ ìgbà tí àgbàdo ń yọmọ gan-an ló dá. Bí ìwé kò bá ya ìgbà yẹn sọ́tọ̀, èmi ò ní gbà yín níyànjú láti fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Bí ìjì bá wó àgbàdo náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ òjò nìkan ni ìwé dárúkọ, kò kan ìjì, kò kan kòkòrò, kò sì kan màlúù tó jẹko. Àdéhùn ọ̀tọ̀ nìyẹn.