Láti ilé ìdáná kan ní Akron: ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ekòló rọ́bà àti ohun èlò ìpẹja básì

Ẹni tó bá ń gbé ní Houston, Dallas tàbí Atlanta ti máa ń rí i: adágún kékeré lẹ́yìn ilé, bàbá kan létí omi pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo, ekòló rọ́bà aláwọ̀ àlùkò lẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá ẹja dání. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn tó ń fi ẹja básì díje fún owó lórí tẹlifíṣọ̀n ló dá àwọn ohun tó ń lò sílẹ̀. Wọn kọ́. Ẹni tó ń tún aago ṣe, ẹni tó ń sin oyin, onímọ̀ kòkòrò àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kálukú ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe jẹun ló mú wá sí etí omi, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí àwọn nǹkan náà fi ń bá ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ lára mu títí di òní.

Ẹja náà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Básì ẹlẹ́nu ńlá jẹ́ ọmọ bíbí omi ìlà-oòrùn àti àárín Amẹ́ríkà ti Àríwá. Kì í fi gbogbo ọjọ́ lé oúnjẹ kiri. Ẹ̀gbẹ́ koríko omi tàbí abẹ́ igi tó wó sínú omi ló máa ń ba sí, tí ẹja kékeré, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí edé odò bá sì kọjá, á la ẹnu gbàgà, á fà á mu pẹ̀lú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ lè ju ìjẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó bọ́ sí ibi tó fẹ́ gan-an. Ìjẹ náà gbọ́dọ̀ gba inú pàǹtírí kọjá láìkọ́, kó sì jọ ohun ẹlẹ́mìí. Gbogbo ìtàn yìí, orí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló dá lé.

Jíjù ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, George Snyder, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó tún ń ṣe aago ní ìlú Paris ní Kentucky, mú eyín kẹ̀kẹ́ inú aago wọ inú ríìlì ìpẹja, ohun yíyí tí okùn ìwọ̀ ń ká sí. Tí apẹja bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ríìlì á yí lọ́pọ̀ ìgbà, okùn á sì padà wálé kíákíá. Àwọn alágogo míì ní Kentucky kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣe ríìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan olówó ńlá ni nígbà náà. Kò tíì kan mẹ̀kúnnù.

Ìjẹ onígi ló tẹ̀ lé e. James Heddon ń sin oyin ní Dowagiac, ìpínlẹ̀ Michigan. Wọ́n máa ń sọ pé ó jókòó létí adágún ilé ọlọ kan lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi, ó ju èyí tó gbẹ́ sínú omi, básì kan sì já sókè ó gbá a. Bí ìtàn yẹn bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ onígi tí Heddon fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún náà ṣì wà, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì sọ Dowagiac di ìlú ìjẹ onígi. Irú ìjẹ onígi bẹ́ẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Creek Chub ṣe, ni George Perry, àgbẹ̀ ọ̀dọ́ ní Georgia, fi mú básì tó wọn ju kílò mẹ́wàá lọ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ọdún 1932. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kékeré kan lórí adágún Montgomery. Ó wọn ẹja náà, ó gbé e lọ sílé, àwọn ará ilé rẹ̀ sì jẹ ẹ́. Títí di òní kò tíì sí básì tó ta á yọ kedere. Èyí tí Manabu Kurita mú ní adágún Biwa ní Japan lọ́dún 2009 fi ìwọ̀nba díẹ̀ wúwo jù ú lọ, àmọ́ díẹ̀ náà kò tó, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ papọ̀.

Ibi tí ó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni adágún fúnra rẹ̀, torí àwọn apẹja kì í sábà bi ara wọn léèrè ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ adágún kéékèèké ní gúúsù Amẹ́ríkà, èèyàn ló gbẹ́ wọn. Ní àwọn ọdún 1930, àgbàrá àti ìjì ń gbá ilẹ̀ oko lọ. Ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lọ́dún 1935 láti dáàbò bo ilẹ̀, ó sì ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti fi erùpẹ̀ dí ipa odò kékeré kí omi lè dúró fún màlúù àti ọ̀gbìn. Omi wà báyìí. Ẹja wo ni kí wọ́n fi sí i, kí ó má sì bàjẹ́?

Homer Swingle ló dáhùn. Onímọ̀ kòkòrò ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Auburn, Alabama, kì í ṣe onímọ̀ ẹja rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ adágún, wọ́n kó ẹja sí i, wọ́n sì tú omi rẹ̀ dànù lẹ́yìn náà láti ka ohun tó kù níbẹ̀ àti láti wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí bluegill, ẹja pẹlẹbẹ kékeré yẹn, bá nìkan wà, á bímọ títí oúnjẹ kò fi ní ká wọn, gbogbo wọn kò sì ní tóbi. Bí básì bá wà pẹ̀lú wọn, á máa jẹ àwọn ọmọ náà, àwọn tó kù á rí oúnjẹ jẹ, wọ́n á tóbi tó èyí tí wọ́n lè dín. Fún éékà omi kan tí wọ́n bá fi ajílẹ̀ sí, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni bluegill 1,500 àti básì 100. Ó tún sọ pé kí wọ́n máa mú ẹja níbẹ̀, torí adágún tí ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja nínú rẹ̀ kì í dára pẹ́. Nígbà náà, àgbẹ̀ tó bá kọ̀wé sí ìjọba ń gba ọmọ ẹja láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja. Láti ibẹ̀ ni básì ti di ẹja ẹ̀yìnkùlé.

Ẹja ti wà nítòsí ilé gbogbo èèyàn báyìí, ṣùgbọ́n ríìlì irú ti Snyder ṣì ń fìyà jẹ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Ríìlì náà fúnra rẹ̀ ló ń yí nígbà tí o bá ju ìwọ̀. Bí ó bá yára ju okùn tó ń jáde lọ, okùn á wé mọ́ra, á lọ́jú, ọmọdé á sì fi ìyókù ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ tú u. Lọ́dún 1947, R. D. Hull, ọkùnrin ará Texas tó ń tún aago ṣe, wọ ọ́fíìsì Zero Hour Bomb Company ní Tulsa, Oklahoma. Bọ́ǹbù ni ilé-iṣẹ́ yẹn ń ṣe, èyí tí wọ́n ń sọ sínú kànga epo rọ̀bì láti fọ́ àpáta ìsàlẹ̀. Àṣẹ tó jẹ́ kí àwọn nìkan máa ṣe é ti fẹ́ parí, wọ́n sì ń wá nǹkan mìíràn tí wọ́n lè tà. Hull ti rí ẹni tó ń di ọjà ní ilé ìtajà oúnjẹ: ó ń fa òwú jáde láti orí ríìlì ńlá kan tí kò yí rárá, òwú kàn ń yọ́ bọ́ láti etí rẹ̀ ni. Ó fi ọgbọ́n yẹn ṣe ríìlì tó dúró sójú kan, ó fi ìdérí bò ó, ó fi bọ́tìnì kan sí ẹ̀yìn fún àtàǹpàkò. Tẹ bọ́tìnì, ju ìwọ̀, jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà lọ́dún 1949. Irú ríìlì náà tó ń jẹ́ Zebco 33 jáde lọ́dún 1954, ilé-iṣẹ́ náà sì fi bọ́ǹbù sílẹ̀ tí ó di Zebco. Okùn náílọ́nù tó dé ní ìparí àwọn ọdún 1930 ràn án lọ́wọ́, torí kì í mu omi bí òwú tàbí sílíkì.

Ọdún 1949 yẹn kan náà ni Nick Creme, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Akron, Ohio, àti Cosma ìyàwó rẹ̀ ń se nǹkan kan lórí ààrò nínú ilé ìdáná wọn. Akron ni ìlú rọ́bà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ táyà Goodyear àti Firestone wà. Àwọn míì ti fi rọ́bà ṣe ekòló rí, ó kàn le ni, ẹja á pọ̀ ọ́ jáde kí apẹja tó mira. Ekòló gidi náà ní wàhálà tirẹ̀: ó ń kú, ó ń já bọ́, o sì gbọ́dọ̀ wú u. Creme fi ekòló gidi tẹ ojú ihò tó máa da nǹkan sí, kí gbogbo oríkèé ara rẹ̀ lè hàn. Ó po fáínìlì olómi, irú ike kan, pọ̀ mọ́ òróró àti àwọ̀, ó gbé e kaná, ó dà á. Ohun tó yọ jáde rọ̀, ó ń mì nínú omi, ẹja sì ń dì í mú lẹ́nu pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1951 wọ́n ti ń tà á nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, márùn-ún ní dọ́là kan.

Lẹ́yìn náà ni Creme kó lọ sí Tyler, ní ìlà-oòrùn Texas. Ibẹ̀ ni ekòló rẹ̀ ti pàdé ìṣòro tuntun. Wọ́n ń dí odò níbẹ̀ láti ṣe adágún ńláńlá, omi sì ń bo igbó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀ ní ìdúró. Básì fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà níta á kọ́ igi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn apẹja àdúgbò náà ló wá ojútùú, wọn kò sì fi orúkọ ẹnì kan pe é. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fún un, Texas rig. Wọ́n á fi òjé olórí ṣóńṣó sí okùn, èyí tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Wọ́n á fi ẹnu ìwọ̀ gún orí ekòló díẹ̀, wọ́n á fà á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yí i, wọ́n á tún fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú ara ekòló, kí ekòló nà gbọọrọ. Báyìí ó lè gba inú koríko àti ẹ̀ka igi kọjá. Bí básì bá gbé e, òjé kò ní tẹ̀ lé e, kò ní fura. Apẹja á ká okùn tó dẹ̀, á fà á gírígírí, ẹnu ìwọ̀ á sì la ike já bọ́ sí ètè ẹja.

Ìdíje tó sọ básì di òwò ńlá kò dé àfi lẹ́yìn èyí. Ray Scott, ẹni tó ń ta ìbánigbófò ní Alabama, kó àwọn apẹja jọ sí adágún Beaver ní Arkansas lọ́dún 1967, ó sì dá BASS, ẹgbẹ́ àwọn apẹja básì, sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó ní ẹ̀tọ́ sí ọpẹ́ torí ó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti dá ẹja padà sínú omi láàyè. Àmọ́ ekòló Creme ni àwọn tó wá díje níbẹ̀ ti mọ̀ láti ilé.

Ní àwọn ọdún 1990, Gary Yamamoto, oníṣẹ́ ìjẹ ní Amẹ́ríkà, ṣe Senko, ekòló gbọọrọ tó rí bíi báírò, tí kò ní ìrù tó ń jù. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó rì láìsí òjé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á sì máa gbọ̀n bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Fi ìwọ̀ gún un ní agbede méjì, jù ú sí etí koríko, má ṣe nǹkan kan, sáà máa wo okùn. Ní adágún kékeré tí omi rẹ̀ mọ́, mi ò tíì rí ohun tó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ jù ú lọ. Ó kàn máa ń ya tètè ni. Ẹ kó èyí tó bá ya sápò, ẹ má jù ú sómi, torí básì ń gbé e mì, kò sì lè dà nínú rẹ̀.