Alùpùpù àti àwọn ẹgbẹ́ agun-alùpùpù nínú fíìmù

Fíìmù alùpùpù jẹ́ irú sinimá kan tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1953 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìtàn inú rẹ̀ sábà máa ń dá lé àwọn ọ̀dọ́ tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń gun alùpùpù láti ìlú dé ìlú. Jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú, bàtà búùtù àti ariwo ẹ́ńjìnnì Harley-Davidson ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀, inú sinimá ni púpọ̀ nínú wọn sì ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà pàápàá wo fíìmù wọ̀nyí, wọ́n sì kọ́ ìṣe níbẹ̀.

Hollister àti The Wild One

Ìlú kékeré Hollister ní Kalifọ́níà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi ayẹyẹ òmìnira Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 1947, eré ìje alùpùpù kan tí àjọ American Motorcyclist Association fọwọ́ sí wáyé níbẹ̀. Èrò tó dé ju agbára ìlú lọ. Wọ́n fojú bù ú sí bíi 4,000. Àwọn kan mutí yó, àwọn kan ń sáré ìje lójú títì, ọlọ́pàá sì kó àwọn mìíràn sí àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn náà kò tó bí àwọn oníròyìn ṣe gbé e. Ìwé ìròyìn Life ti ọjọ́ 21 oṣù Keje tẹ àwòrán ọkùnrin kan tó jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ sórí Harley, tí ìgò bíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òfìfo ìgò sì kún ilẹ̀ lábẹ́ táyà. Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ńṣe ni wọ́n ṣa ìgò jọ síbẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán.

Ní 1951, Frank Rooney gbé ìtàn kúkurú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Harper's lórí irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, òun ni Stanley Kramer sì sọ di fíìmù The Wild One ní 1953, tí László Benedek darí. Marlon Brando ṣe Johnny, olórí ẹgbẹ́ kan, lórí alùpùpù Triumph Thunderbird tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lee Marvin ṣe Chino, ọ̀tá rẹ̀, tó gun Harley. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Bìrìtéènì kọ̀ láti fún un níwèé àṣẹ títí di 1967.

Hells Angels, ẹgbẹ́ agun-alùpùpù kan ní Kalifọ́níà, ti wà láti 1948, ṣáájú fíìmù náà. Síbẹ̀, Sonny Barger, gbajúmọ̀ jù nínú àwọn aṣáájú wọn, sọ pé Chino ni òun rí ara òun nínú rẹ̀, kì í ṣe Johnny. Frank Sadilek, ààrẹ ẹ̀ka San Francisco, tilẹ̀ lọ ra ẹ̀wù onílà tí Marvin wọ̀ nínú eré náà, ó sì ń wọ̀ ọ́ kiri. Wọ́n tún máa ń sọ pé àjọ American Motorcyclist Association kéde lẹ́yìn Hollister pé ìdá 99 nínú 100 agun-alùpùpù ló ń pa òfin mọ́. Àjọ náà ní òun kò rí àkọsílẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan ti gba ìdá kan tó ṣẹ́ kù fún ara wọn, wọ́n rán “1%” mọ́ ẹ̀wù.

Ní 1966, Roger Corman darí The Wild Angels fún ilé iṣẹ́ American International Pictures, pẹ̀lú Peter Fonda àti Nancy Sinatra. Ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ Hells Angels wà lára àwọn tó kópa. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe é, èrè rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Easy Rider àti àwọn tó ṣe alùpùpù rẹ̀

Easy Rider (1969) ló ga jù nínú gbogbo wọn. Dennis Hopper ló darí rẹ̀. Òun, Fonda àti Terry Southern ló kọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì gbéra láti Los Angeles lọ sí New Orleans lórí alùpùpù, wọ́n sì kú ikú ìbọn lójú ọ̀nà ìgbèríko. Nǹkan bí 400,000 dọ́là ni wọ́n ná sí i, owó tó pa sì tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù. Ó gba ẹ̀bùn iṣẹ́ àkọ́ṣe tó dára jù ní àjọ̀dún sinimá Cannes.

Àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ méjì ní Los Angeles ló ṣe alùpùpù tí ayé ń wò yìí. Clifford Vaughs, tó ti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú SNCC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, ló ya bí yóò ṣe rí. Ben Hardy, mẹkáníìkì, ló fọwọ́ ṣe é. Harley àlòkù tí ọlọ́pàá ta ní gbàǹjo ni wọ́n tú palẹ̀. Wọ́n fa irin tó gbé táyà iwájú gùn síta, wọ́n sì kun táńkì epo ti Fonda ní àwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n pè ní Captain America. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Olè kó mẹ́ta lọ, ìkẹrin sì jóná nínú ìran ìparí.

Orúkọ Vaughs àti Hardy kò sí lára àwọn tí fíìmù náà dárúkọ, ó sì lé ní ogún ọdún kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ nípa wọn. Àìdára gbáà ni èyí, pàápàá nítorí pé kò sí adúláwọ̀ kankan láàárín àwọn agun-alùpùpù inú fíìmù náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ East Bay Dragons, tí gbogbo wọn jẹ́ adúláwọ̀, ti wà ní Oakland láti 1959. Ní 2014, wọ́n lu alùpùpù kan tí wọ́n ní ó jẹ́ Captain America ní gbàǹjo ní 1.35 mílíọ̀nù dọ́là, àríyànjiyàn sì ṣẹlẹ̀ lórí bóyá ojúlówó ni.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Mad Max (1979) ti George Miller ló gbajúmọ̀ jù láti Ọsirélíà. Ní Áfíríkà, Djibril Diop Mambéty ti Sẹ̀nẹ̀gà ṣe Touki Bouki ní 1973. Mory, darandaran kan, gbé agbárí màlúù pẹ̀lú ìwo rẹ̀ ka iwájú alùpùpù, òun àti Anta sì ń gùn ún kiri Dakar, wọ́n ń wá owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí jákẹ́ẹ̀tì awọ. Ọ̀rọ̀ ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira àti ojú tí ọ̀dọ́ fi ń wo òkè òkun ni alùpùpù náà gbé. Wọ́n tún ẹ̀dà fíìmù náà tó ti gbó ṣe ní 2008, Beyoncé àti Jay-Z sì lo àwòrán alùpùpù oníwo yẹn fún ìpolówó ìrìn àjò orin wọn ní 2018.

Jeff Nichols padà sí ìtàn àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà nínú The Bikeriders (2023), tó fa ìtàn yọ láti inú ìwé àwòrán tí Danny Lyon tẹ̀ jáde ní 1968 lẹ́yìn tó ti wọ ẹgbẹ́ agun-alùpùpù Outlaws ní Chicago. Nínú rẹ̀, Johnny, tí Tom Hardy ṣe, wo The Wild One lórí tẹlifíṣọ̀n nílé, ibẹ̀ ló ti ní in lọ́kàn láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.