Ilé Àwòṣífìlà Kọ́ Ló Ń Pa Etíkun Mẹditaréníà

Bí àwòrán Benidorm bá ti jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ba etíkun jẹ́!" Agbègbè Alicante ní ìlà-oòrùn Sípéènì ni ìlú náà wà, ilé àwòṣífìlà ló sì kún ibẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Gran Hotel Bali, tí wọ́n ṣí ní 2002, ga tó mítà 186, àjà 52 ló ní. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ilé gíga báyìí, pẹ̀lú àwọn àlejò tó san owó kan ṣoṣo fún bàlúù, òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ (ìyẹn ìrìn-àjò àpapọ̀), ló ń ba etíkun jẹ́, àti pé ilé kéékèèké ọlọ́gbà tí wọ́n kùn ní funfun lórí òkè ò lẹ́bi kankan. Ní ti ilẹ̀ àti omi, òdìkejì rẹ̀ gan-an lòótọ́.

Ní nǹkan bí 1950, ìlú apẹja ni Benidorm, àwọn ará ibẹ̀ ò ju bí 3,000 lọ. Ní 1956, nígbà tí Pedro Zaragoza jẹ́ olórí ìlú, wọ́n ya àwòrán bí ìlú yóò ṣe rí, wọ́n sì fi àyè títì gbòòrò sínú rẹ̀ kí ilé tó kún. Ní 1963 ni wọ́n wá ṣe àtúnṣe tó yí ọ̀rọ̀ padà: wọn ò fi ààlà sí gíga ilé mọ́, ìwọ̀n ilé tí pulọ́ọ̀tì kan lè gbà ni wọ́n ń wò. Bí o bá ti ń kọ́ ọ lọ sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fi ní ọgbà àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀ ilé, tí atẹ́gùn sì ń ráyè gba àárín wọn kọjá. A ò ní ó rẹwà o. Ìyẹn tojú olúkálukú ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àlejò 600 fẹ́ sùn sétí òkun lóru kan náà. Òtẹ́ẹ̀lì alájà 20 lè gbà wọ́n lórí éékà kan àtààbọ̀. Bó bá jẹ́ ilé ọlọ́gbà ni, tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé 100 la máa nílò. Bí ilẹ̀ ilé kan bá jẹ́ mítà 20 lọ́nà 40, éékà 20 ti lọ nìyẹn, a ò tíì ka títì mọ́ ọn. Wáyà iná, páìpù omi àti ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn. Bí páìpù bá sì ṣe gùn tó ni ibi tó ti lè máa jò ṣe máa pọ̀ tó.

Ti omi tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní etíkun yìí, oòrùn àti atẹ́gùn lè fa omi tó jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbẹ láti ojú adágún láàárín ọdún kan. Adágún ilé àdágbé tó jẹ́ mítà mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin yóò pàdánù lítà 32,000 lọ́nà yìí. Tí a bá pín in fún ènìyàn mẹ́fà, ó lé ní 5,000 fún ẹnì kan. Adágún òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ mítà 20 lọ́nà mẹ́wàá yóò pàdánù lítà 200,000, àmọ́ ènìyàn 600 ló ń lò ó: bíi 330 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò tíì dé orí koríko. Koríko tútù tó gba ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú adágún òtẹ́ẹ̀lì yẹn lè mu nǹkan bí lítà 1,000 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ tó ní aago ló sì sábà máa ń bomi rin ín, ìyẹn ni pé yóò máa mu omi bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sí nílé.

Benidorm náà ti rí ìyà omi rí. Ní 1978, ọ̀dá mú débi pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé omi mímu wá. Àjọ tí àwọn ìlú agbègbè Marina Baja, níbi tí Benidorm wà, dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi ní 1977 wá bá àwọn àgbẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀: àgbẹ̀ á yọ̀ǹda omi tó mọ́ fún ìlú, ìlú á sì fún àgbẹ̀ ní omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ láti fi bomi rin oko. Ilé tó sún mọ́ra mú kí èyí rọrùn, torí ojú páìpù kan náà ni omi ìdọ̀tí wọn ń gbà. Ilé tó fọ́n káàkiri orí òkè, sọ́kàwéè ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Omi tó bá sì ti wọ ibẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà ńbẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú Alicante, bọ́ọ̀sì kan ń já àádọ́ta ènìyàn sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì fi máa rìn títí wọ́n á fi padà. Ẹni tó lọ sílé orí òkè gbọ́dọ̀ háyà mọ́tò, torí búrẹ́dì lásán ò sí nítòsí.

Ìrìn-àjò àpapọ̀ yìí níbi tó ti ń ṣe jàm̀bá ṣá o, àmọ́ kì í ṣe gíga ilé. Àkọ́kọ́ ni owó. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá máa ń gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú àsìkò, á sì ti fẹnu iye kan jóná lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan; èyí tí kò bá tà, á dá a padà fún òtẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá kù díẹ̀. Owó tó tà sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí Thomas Cook, ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2019, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Sípéènì àti Gíríìsì ò tíì rí owó àlejò tó sùn sọ́dọ̀ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ti àlejò tó so ọ̀já mọ́wọ́, èyí tó ń fi hàn pé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì wà nínú owó tó san, ó ti sanwó oúnjẹ rẹ̀ látilé, kí ló fẹ́ wá lọ ṣe ní bùkátéríà àdúgbò?

Èkejì ni koríko abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Posidonia. Nígbà òtútù, ìgbì máa ń kó ewé rẹ̀ tó ti kú jọ sórí iyanrìn, ó máa ń dúdú, ó sì máa ń rùn díẹ̀. Àlejò á ráhùn, ìjọba ìlú á rán katakata wá, katakata á sì kó iyanrìn mọ́ ewé lọ. Òkìtì ewé yẹn gan-an ló ń gba ìgbì lójú kí iyanrìn má baà ṣàn lọ. Bí wọ́n bá máa kó o, kí wọ́n dúró títí ìjì òtútù yóò fi rọlẹ̀, kí wọ́n sì lo irinṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wà láàyè nísàlẹ̀ òkun, ìdákọ̀ró ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ló fi ń tàn lọ́dún. Ní 2018, àwọn erékùṣù Balearic ti Sípéènì ṣe òfin pàtó láti dáàbò bò ó.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Ní Carboneras, ní gúúsù ìlà-oòrùn Sípéènì, nínú ọgbà ìdáàbòbò Cabo de Gata, wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì Algarrobico tó ní yàrá 411, kí ilé-ẹjọ́ tó dá iṣẹ́ dúró ní 2006. Òfin etíkun Sípéènì ti 1988 ní kí ilé fi mítà 100 sílẹ̀ sí òkun. Iye náà lè dín kù sí 20 níbi tó bá ti jẹ́ ìlú kí òfin tó dé. Ibi tí wọ́n kọ́ Algarrobico sí kì í ṣe ìlú, nítorí náà mítà 100 ló yẹ kó fi sílẹ̀. Àlejò kankan ò tíì sùn níbẹ̀ rí, bó bá sì jẹ́ alájà méjì péré ni wọ́n kọ́, ẹjọ́ náà ò ní yàtọ̀.