Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ya ojú irin

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ya ojú irin láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde sínú géèmù yẹn." Ọmọ àdúgbò wa kan ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀; géèmù tí a ti ń wa ọkọ̀ ojú irin ló ń sọ. Ìfẹ́ ilé ló sún un sọ ọ́, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ojú irin tó wọ Ìbàdàn ní 1901 gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta ni, kò ya ọ̀dọ̀ wa. Obì gbànja Rẹ́mọ láyé àtijọ́, lọ́rì ló máa ń gbé e lọ bá rélùwéè kó tó dorí kọ Òkè Ọya.

Tí ẹ bá fẹ́ dábàá ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn tó ń ṣe géèmù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ẹrù wo ni? Ta ló ń dì í, ta ló ń retí rẹ̀? Ọ̀nà gígùn tí kò níṣẹ́ nínú, ọjọ́ kejì ló máa ń súni.

Èyí tí èmi yóò dábàá ni Ìfọ̀ sí Abẹ́òkúta, lórí ojú irin àtijọ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067. Ìfọ̀ ni ẹ̀ka Ìdógò ti yà. Papalanto ló kàn, lẹ́yìn náà Ewékorò tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, Ìtòrí, Wáṣinmi, títí dé afárá odò Ògùn. Kò jìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: ẹ ó já wágọ̀n òfìfo sílẹ̀, ẹ ó so èyí tó kún, ẹ ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú lè kọjá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni òkè. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ipá bíi tọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta ti tó láti mú ẹrù 1,000 tọ́ọ̀nù máa yí lọ. Tí ilẹ̀ bá fi mítà kan péré ga sí i láàárín 100 mítà, òkè tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ní fura sí, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá mìíràn ti kún un nìyẹn.

Ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ya ọ̀nà sínú géèmù ń lò, láti òfuurufú ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti wọ̀n ọ́n ní 2000. Níbi tí igbó bá ti dí, orí igi ló sábà máa ń kà sí ilẹ̀. Ibi tí wọ́n sì ti gé òkè kí ojú irin lè kọjá, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ya ọ̀nà yìí, ọkọ̀ mi ń já sí méjì lẹ́yìn Wáṣinmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dá ẹ̀ńjìnnì lẹ́bi. Ìgbà tí mo wo ojú irin náà láti ẹ̀gbẹ́ ni mo rí i pé ó ń lọ sókè sódò bíi páànù orí ilé. Ẹ mú gíga ibi méjì tó jìnnà síra, kí ẹ na irin náà láàárín wọn, kí ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kí ẹ kún un kó lè bá irin mu.

Ẹ tún bẹ àwọn tó ń ṣe géèmù kí bíréèkì afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ: tí awakọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u léraléra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní kún padà.

Mo ti ṣèlérí fún ọmọ yẹn pé lọ́rì obì láti Ṣágámù yóò dúró ní Ìfọ̀, agbọ̀n mẹ́rìnlélógún. Ó ní kí n má gbàgbé ewé tútù tí wọ́n fi ń bò wọ́n.