Bí òwò òkè òkun ṣe di ọgbà nínú àwòrán Agnes Block

Nínú àwòrán kan tí Jan Weenix fi ọ̀dà kùn ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí ó wà ní Amsterdam Museum báyìí, a rí Agnes Block, ọkọ rẹ̀ Sybrand de Flines àti ọmọdé méjì, tí ilé àti ọgbà wọn, Vijverhof, wà lẹ́yìn wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan hù níbẹ̀ pẹ̀lú èso lórí. Ẹni tí ó ti ń rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí àtẹ láti kékeré lè má kà á sí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni onílé fẹ́ kí àlejò rí: ní 1687, Agnes Block ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú kí ọ̀pẹ̀ òyìnbó so ní Nẹ́dálándì.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ṣẹ̀, kò sì fẹ́ òtútù rárá. Kí ó tó dé Vijverhof, tí ó wà létí odò Vecht, ọkọ̀ ní láti gbé ọmọ rẹ̀ la òkun Àtìláńtíìkì kọjá láìjẹ́ kí omi iyọ̀ bà á jẹ́. Bí ó bá gúnlẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń dáná sí nígbà òtútù, a ó sì máa ṣọ́ iná náà tọ̀sán tòru. Ní ilẹ̀ olóoru, ó lè so láàárín ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Ní Nẹ́dálándì, òru kan ṣoṣo tí iná bá kú tó láti sọ gbogbo làálàá náà dòfo.

Owó gọbọi ni irú èso bẹ́ẹ̀ ń gbà, ibi tí owó náà ti ń wá sì ni ọ̀rọ̀ wà. Oníṣòwò aṣọ ṣẹ́dà ni Sybrand de Flines, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọkọ tí Agnes kọ́kọ́ fẹ́. Láyé wọn, ilé-iṣẹ́ òwò Nẹ́dálándì méjì ló di òwò òkè òkun mú: VOC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1602, ń kó ṣẹ́dà àti àwọn èròjà ọbẹ̀ bọ̀ láti Éṣíà, WIC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1621, ní Áfíríkà àti Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní 1637, WIC gba Elmina, odi etíkun kan ní ilẹ̀ Ghana òde òní, lọ́wọ́ àwọn Potogí. Ọkọ̀ á kó aṣọ, ìbọn àti ọtí lọ sí Elmina tàbí sí Offra ní ìjọba Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní. A ó fi ọjà náà ra ènìyàn, a ó kó wọn sọdá òkun lọ sí Curaçao, erékùṣù kan ní Kàríbíánì, àti Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí Nẹ́dálándì ń ṣàkóso, ọkọ̀ á sì kó ṣúgà padà sílé. Àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ Nẹ́dálándì kó lẹ́rú báyìí sọdá Àtìláńtíìkì lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Èrè rẹ̀ kò dúró sọ́wọ́ àwọn tí ó ní oko ìrèké nìkan. Láti 1683, ìlú Amsterdam fúnra rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ni Suriname, owó náà sì ń yí ká gbogbo ọjà ìlú. Ojú ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà bọ̀ náà ni irúgbìn ń gbà dé ọgbà àwọn olówó.

Iṣẹ́ ayàwòrán ni láti sọ gbogbo èyí di ọlá àti ìmọ̀. Ó fi èso hàn, ó fi aṣọ olówó iyebíye hàn, kò sì sí ọkọ̀, kò sí oko, kò sí ẹni tí a kó lẹ́rú nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dáadáa ní láti mú ohun kọ̀ọ̀kan, kí ó tọ ipa rẹ̀ padà dé orísun.

Ọmọ iṣẹ́ Weenix kan tilẹ̀ dé orísun náà. Ní 1706, Jonas Witsen, ọlọ́lá Amsterdam tí ó ní oko ìrèké ní Suriname, rán Dirk Valkenburg lọ síbẹ̀ láti ya àwòrán àwọn oko rẹ̀. Valkenburg ya àwọn ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú bí wọ́n ṣe péjọ síbi ìlù àti ijó, àwòrán náà sì wà ní Copenhagen lónìí. Ní 1707, nígbà tí ó ṣì wà ní Suriname, àwọn tí a kó lẹ́rú ní Palmeneribo, oko Witsen, dìde ọ̀tẹ̀ sí àwọn ọ̀gá wọn.