Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Ka Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá béèrè lónìí pé òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló wà ní Nàìjíríà, ìwé owó-oṣù ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ni wọ́n fẹ́ san, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò san án fún sílẹ̀, iye orúkọ náà ló sì di iye òṣìṣẹ́. Orúkọ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ènìyàn, ibẹ̀ sì ni wàhálà kíkà yìí ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n gbé ìlànà tí wọ́n ń lò ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ wọn wá síbẹ̀. Lọ́dọọdún, ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Blue Book ní láti dé Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ipò wọn, ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń gbà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí adájọ́ níbẹ̀, ẹ ó rí dókítà àti akọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí orúkọ lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, títí ojú irin fi dé Ìbàdàn, irú àwọn wọ̀nyí ló fi apá gbé e.

Ìwé tiwọn yàtọ̀. Lọ́jọ́ owó, wọn a gbé tábìlì síta, akọ̀wé a máa pe orúkọ, ẹni tí wọ́n pè a bọ́ síwájú, a ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, a tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀, a sì ka owó rẹ̀ lójú akọ̀wé kó tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, àfi kí ọ̀gá tó mọ̀ wọ́n lójú sọ̀rọ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, tó sì lé ní oṣù kan, ló fi han ìjọba pé àwọn tí wọn kò kọ sínú ìwé àwọn ọ̀gá ló ń gbé iṣẹ́ ìlú ró.

Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ tó tóbi jù lẹ́yìn òmìnira ni ti ìgbìmọ̀ Jerome Udoji, tí ìjọba ní kó yẹ iṣẹ́ ìjọba àti owó-oṣù wò, tó sì jábọ̀ ní 1974. Àwọn àgbà kò gbàgbé owó Údójì, àjẹẹ́lẹ̀ owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà, tó sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di ẹni tó ra ọkọ̀ tàbí tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wúlò fún kíkà ni pé ìgbìmọ̀ náà kó oríṣiríṣi ètò owó-oṣù tó wà nílẹ̀ jọ sínú ètò kan ṣoṣo, láti ìpele 01 dé 17. Láti ìgbà náà ni a ti lè béèrè pé mélòó ló wà ní ìpele kẹjọ, kí ìdáhùn náà sì ní ìtumọ̀ kan náà ní Èkó àti ní Kàdúná. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Murtala Mohammed lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ayédèrú òṣìṣẹ́ ló sún wọn dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ti kú ṣì ń gbowó. Orúkọ tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn ń gba ìgbéga. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò IPPIS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó kó àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ àti owó-oṣù wọn pọ̀ sójú kan, ní 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2007 ní iléeṣẹ́ ìjọba méje péré. Òṣìṣẹ́ ní láti fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìwé ìgbéga, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì tẹ ìka. Nígbà tí nọ́ńbà BVN ti báǹkì dé ní 2014, wọ́n fi yẹ orúkọ wò. Ní oṣù Kejì 2016, iléeṣẹ́ ètò ìnáwó kéde pé àwọn ti yọ orúkọ 23,846 kúrò nínú ìwé owó.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ò gbà. Ẹgbẹ́ ASUU ní ètò náà kò mọ bí iṣẹ́ àwọn ṣe rí, pàápàá ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó lọ lo ọdún ìsinmi ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì mìíràn, tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó níbi méjèèjì. Ṣé ẹnì kan ni ká kà á ni, àbí méjì? Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pé wọ́n jàre lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí wọ́n yọ àwọn iléèwé gíga kúrò nínú IPPIS. Olùkọ́ kankan kò tìtorí èyí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ń kà ló yí padà. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára wọn, kò sì sí nínú ìwé náà rí, nítorí ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń san owó tiwọn.